Omi Tútù, Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti Omi Gbígbóná: Èwo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Fọ Aṣọ Wo?

Bí ọwọ́ yín bá lè wà nínú omi kan títí tí ẹ ó fi fọ aṣọ tán, omi náà kò gbóná tó láti pa kòkòrò àrùn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà tí mo bá sọ ọ́ níhìn-ín ní Òṣogbo, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé bí a bá ti bu omi gbígbóná díẹ̀ lé omi kànga inú báfù, tí ooru rẹ̀ sì ń kan ojú wa, àrùn ti kú tán lára aṣọ nìyẹn. Omi tí ọwọ́ ènìyàn lè fara dà fún ìgbà pípẹ́ kì í sábà ju 43°C tàbí 45°C lọ. Inú ara ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ 37°C, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń fa àìsàn ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń bí sí i. Omi tí ó fi díẹ̀ gbóná ju ilé wọn lọ kò lè rán wọn sọ́run.

Kì í ṣe pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò wúlò. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ooru ń ṣe nínú aṣọ fífọ̀, bí a sì ṣe ń pe méjèèjì ní ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ wa lójú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé ó ń ran ọṣẹ lọ́wọ́ láti tú ìdọ̀tí àti ọ̀rá kúrò lára aṣọ. 30°C sí 40°C sì tó fún èyí lára ọ̀pọ̀ aṣọ tí à ń wọ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ kejì ni pé kí ooru fúnra rẹ̀ pa kòkòrò, èyí kò sì ṣeé gbára lé àfi bí omi bá gbóná tó 60°C, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ omi tí yóò lò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni ó fẹ́ kí omi náà ṣe fún òun.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ti àkọ́kọ́ nìkan ni a nílò. Aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sí mọ́ṣáláṣí, tí kò sí ohun mìíràn lára rẹ̀ ju òógùn àti eruku lọ, kò béèrè pé kí ẹ pa ohunkóhun. Ọṣẹ yóò ká ìdọ̀tí àti kòkòrò jọ, omi tí ẹ fi ṣan án yóò sì gbé wọn lọ. Wọ́n lè má kú, ṣùgbọ́n wọn kò sí lára aṣọ mọ́. Ìdí nìyí tí ṣíṣan aṣọ fi ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọmọ wa ṣe mú un lọ, àwọn tí wọ́n kàn máa ń ri gbogbo aṣọ bọ inú omi kan ṣoṣo tí ó ti ń yọ̀ bí ilá, tí wọ́n á sì gbé e lọ sórí okùn. Ó kéré tán, omi ìṣan méjì ni ó yẹ, kí ìkejì sì mọ́ gaara nígbà tí ẹ bá fún aṣọ kúrò nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1959, onímọ̀ kẹ́mísírì kan tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, Herbert Sinner, fi àwòrán òbírí kan tí a pín sí mẹ́rin ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń mọ́: ooru, ọṣẹ, àkókò, àti agbára tí a fi ń fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá dín ọ̀kan kù, ẹ ní láti fi kún àwọn yòókù. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Mẹ́rin ni ààrò ti aṣọ fífọ̀, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé bí ọ̀kan bá kúrú, a lè fi àwọn yòókù gbé e. Ẹni tí kò ní gáàsì láti se omi lè fi ọṣẹ rẹ aṣọ rẹ̀ sínú omi tútù fún wákàtí kan, kí ó tó wá fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, aṣọ náà yóò sì mọ́ ju ti ẹni tí ó fi omi gbígbóná rì í lẹ́ẹ̀kan tí ó yọ ọ́ lọ.

Ẹnìkan lè wá béèrè pé kí ni àwọn ìyá wa àgbà ń wá tí wọ́n fi ń se aṣọ funfun nínú garawa lórí iná. Wọ́n jàre. Òwú ni aṣọ tiwọn, òwú sì ń gba híhó. Ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ tí a ń gé sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò, omi gbígbóná sì máa ń mú kí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ yọ́ kí ó sì ṣiṣẹ́. Aṣọ tí à ń rà ní Ọjà Ọba lónìí kún fún pọlisítà àti òwú rọ́bà tí ń na, èyí tí híhó máa ń sọ di ohun tí ó fún jọ tàbí tí ó fẹ̀ láìpadà sípò. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí gbogbo wa ń pè ní Omo, orúkọ yòówù kí ó wà lára ọ̀rá rẹ̀, sì máa ń ní àwọn èròjà kan nínú nígbà mìíràn tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tí wọ́n ń gé ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ àti ọ̀rá ara sí wẹ́wẹ́ kí omi lè gbé wọn lọ. Láàárín 30°C sí 50°C ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Bí omi bá ti kọjá 60°C, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá bu ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ báfù, tí ó sì da omi híhó lé e lórí, ti fi owó ara rẹ̀ dáná. Nítorí náà ìmọ̀ràn ìyá àgbà kò burú rárá, aṣọ ìyá àgbà ni ó bá a mu.

Irú àbàwọ́n tí ó wà lára aṣọ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, láìsí àní-àní. Èròjà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ jọ èyí tí ó wà nínú funfun ẹyin, ooru sì ni ó ń mú kí ó dì. Ẹni tí ó bá da omi gbígbóná lé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ti sè é mọ́ aṣọ náà lára nìyẹn, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tí yóò kù kò sì ní í lọ bọ̀rọ̀. Bákan náà ni ẹyin àti wàrà. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù ṣan án títí tí omi rẹ̀ kò fi pupa mọ́, kí ẹ tó ronú omi gbígbóná.

Ti epo pupa yàtọ̀ pátápátá. Gbogbo wa ni a ti rí epo tí ó dì sínú ìgò ní òwúrọ̀ ọyẹ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35°C kí epo pupa tó yọ́ dáadáa. Omi kànga tiwa tí kò ju nǹkan bí 27°C lọ kàn ń tì í kiri lára aṣọ ni. Omi tí ó tó 40°C àti ọṣẹ tí ó pọ̀ tó ni yóò tú u kúrò, àwọ̀ ìyeyè tí ó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn tí epo ti lọ, oòrùn ló mọ ohun tí ó ń ṣe sí i, nítorí pé ìtànṣán oòrùn máa ń pa àwọ̀ inú epo pupa rẹ́. Ọ̀rá ara tí ń dì sí ọrùn ẹ̀wù àti abíyá náà fẹ́ irú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yìí.

Àwọn aṣọ wo wá ni ó yẹ kí a pa kòkòrò lára wọn? Àwọn tí ń sún mọ́ ìgbẹ́, ìtọ̀, èébì àti egbò, àti àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jọ lò. Ìmọ̀ràn àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ni pé kí a fọ pátá, aṣọ ìnura àti aṣọ orí ibùsùn ní 60°C, tàbí kí a fọ̀ wọ́n ní 40°C pẹ̀lú ọṣẹ tí ó ní èròjà tí ń pa kòkòrò tí ó sì ń sọ aṣọ di funfun. Èmi á fi ìlédìí ọmọ àti àkísà ilé ìdáná kún un, nítorí pé àkísà tí a fi nu ẹ̀jẹ̀ ẹran tútù kúrò lórí tábìlì, tí ó sì wà ní ríringindin ní ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n àwo láti àárọ̀ di alẹ́, léwu ju ṣòkòtò tí a wọ̀ lọ sóko lọ. Ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà wọn le jù bẹ́ẹ̀: 65°C fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, tàbí 71°C fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ rí i pé bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò ń kúrú.

Bí làpálàpá bá wà lára ẹnìkan nínú ilé, 60°C ni kí ẹ fojú sí fún ìbọ̀sẹ̀, pátá àti aṣọ ìnura rẹ̀, nítorí pé ohun tí ń fa làpálàpá lè yè nínú omi 30°C kí ó sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹlòmíràn tí ẹ jọ rẹ pọ̀. Ìwọ̀n ooru kan náà ni yóò pa ìdun àti ẹyin rẹ̀ lára aṣọ orí ibùsùn. Kòkòrò kékeré tí ń gbẹ́ ihò sí abẹ́ awọ ara, tí ń jẹ́ kí ara yún ènìyàn lóru, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní scabies, kì í sábà yè ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ bí ó bá ti kúrò lára ènìyàn. Nítorí náà aṣọ tí kò bá gba omi gbígbóná, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ti onígbáméjì tún le sí i: aṣọ aláìsàn náà ní láti hó fún ìṣẹ́jú 5 nínú ìkòkò, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ sì jìnnà tó mítà 30 sí kànga tàbí odò tí ẹnikẹ́ni ń pọn mu nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ má gbọn irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó rì í sómi, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro fún wa ni pé púpọ̀ nínú wa kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru omi nínú báfù. Ìṣirò kékeré kan lè rọ́pò rẹ̀. Omi tí ń hó jẹ́ 100°C, omi kànga tàbí ti tánkì tiwa jẹ́ nǹkan bí 27°C. Bí ẹ bá da ìwọ̀n kan omi híhó mọ́ ìwọ̀n mẹ́ta omi kànga, ẹ ó rí nǹkan bí 45°C, èyí tí ó dára fún epo àti òógùn, tí kò sì lè pa kòkòrò kankan. Ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan yóò fún yín ní nǹkan bí 63°C, ṣùgbọ́n garawa fúnra rẹ̀ àti aṣọ tútù tí ẹ ń rì sínú rẹ̀ yóò jẹ nínú ooru náà, kíákíá ni yóò sì wálẹ̀ kọjá 60°C. Èyí tí mo máa ń lò fún aṣọ ìnura àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ni ìwọ̀n méjì omi híhó sí ìwọ̀n kan omi kànga, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 75°C, tí ó sì ṣì máa ń ní agbára nínú lẹ́yìn tí aṣọ bá ti gba tirẹ̀. Mo á ti kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò, nítorí pé ìdọ̀tí jẹ́ ibi ìsádi fún kòkòrò. Lẹ́yìn náà ni mo á rì wọ́n sínú omi gbígbóná yìí, mo á fi ọmọrí dé e, mo á sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15.

Igi ni kí ẹ fi rò ó, igi tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, kì í ṣe orógùn àmàlà. Omi 60°C lè bó awọ àgbàlagbà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5, ti ọmọdé sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé garawa náà sí ojú ọ̀nà ilé níbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré kiri, ẹ sì má lo ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìdí rẹ̀ ti ń là.

Owó inú rẹ̀ náà kò kéré. Láti gbé omi láti 27°C dé 40°C, ìgbésókè 13 péré ni. Láti 27°C dé 60°C, ó di 33, ìyẹn ju ìlọ́po méjì àbọ̀ gáàsì tàbí èédú lọ fún ìwọ̀n omi kan náà. Ẹni tí ó bá ń fi 60°C fọ gbogbo aṣọ ilé rẹ̀, àti èyí tí ó nílò rẹ̀ àti èyí tí kò nílò rẹ̀, ń sun owó, ó sì ń pa aṣọ.

Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ oníkòtò méjì, tí ọ̀kan ń fọ aṣọ tí èkejì ń fún un, kò ní ohun tí ń mú omi gbóná nínú rárá. Omi tí ẹ bá dà sí i ni yóò fi fọ̀ ọ́, bí omi náà bá sì jẹ́ 27°C, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú sábà máa ń ní i, ṣùgbọ́n ohun tí ń mú omi gbóná náà máa ń jẹ iná tó nǹkan bí 2,000 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì lè gbé e. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, omi á máa tutù, ẹ̀yin á sì rò pé aṣọ ti gba 60°C. Yàtọ̀ sí èyí, lórí àwọn ẹ̀rọ kan, bí ẹ bá yan 60 tí ẹ sì fi àmì Eco kún un, ẹ̀rọ náà lè má gbé omi dé 60°C rárá, yóò kàn fọ aṣọ pẹ́ sí i nínú omi tí ó rọra gbóná láti fi iná pamọ́. Ìyẹn dára fún ìdọ̀tí, kò dára fún aṣọ aláìsàn.

Àmì tí ó wà lára aṣọ tún jẹ́ ibòmíràn tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Àwòrán ọpọ́n tí ó ní nọ́ńbà nínú kò pàṣẹ pé ìwọ̀n ooru yìí ni kí ẹ lò. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Aṣọ tí a kọ 60 sí lè gba omi tútù láìsí wàhálà kankan. Bí ó bá jẹ́ àmì tó-tò-tó ni ó wà níbẹ̀, ẹyọ kan dúró fún 30°C, méjì fún 40°C, mẹ́ta fún 50°C, mẹ́rin fún 60°C. Ọwọ́ tí ó wà nínú ọpọ́n túmọ̀ sí pé ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí omi má sì kọjá 40°C. Ọpọ́n tí a fi ìlà méjì kọjá lára rẹ̀ kò fẹ́ omi rárá.

Àdìrẹ àti aṣọ òkè kì í ní irú àmì bẹ́ẹ̀, a kò sì lè pe ìlú wa ní Òṣogbo ìlú aró kí a má mọ bí a ṣe ń fọ aṣọ aláró. Àdìrẹ tí a fi aró ìbílẹ̀ rẹ máa ń ní aró tí kò wọlé dáadáa lójú rẹ̀, èyí ni ó ń jáde nígbà àkọ́kọ́ tí a bá ń fọ̀ ọ́. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, àti ọpọ́n tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Àdìrẹ tí wọ́n fi àbẹ́là ya kò bẹ̀rù omi gbígbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí omi híhó ni àwọn aláró fúnra wọn fi ń yọ àbẹ́là náà kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa dán an wò léraléra. Sányán jẹ́ òwú kòkòrò, ooru àti fífún líle máa ń ba á jẹ́. Ẹ fi í kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà lẹ́yìn òde, kí ẹ má sì fọ̀ ọ́ àfi bí ó bá pọn dandan.

Bí aṣọ kan bá nílò kí a pa kòkòrò lára rẹ̀ tí kò sì sí omi gbígbóná, jíìkì wà fún aṣọ funfun tí ó jẹ́ òwú. Omi tútù ni kí ẹ pò ó mọ́, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, nítorí pé omi gbígbóná máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, yóò sì máa fín yín nímú. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ aṣọ náà kí ẹ sì ṣan án kí ó tó kan jíìkì, pàápàá jù lọ ìlédìí ọmọ, torí pé ìtọ̀ àti jíìkì bí wọ́n bá pàdé máa ń tú afẹ́fẹ́ tí ó léwu jáde. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan fi ń yọ àbàwọ́n tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí omi rẹ̀, tàbí ọtí kíkan, tàbí oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ bá kan jíìkì, afẹ́fẹ́ májèlé tí ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára ni yóò jáde. Ẹ má fi jíìkì kan àdìrẹ, ẹ má fi kan sányán. Ti àkọ́kọ́ yóò pàdánù aró rẹ̀, èkejì yóò sì jẹrà.

Iṣẹ́ kò tíì parí bí aṣọ bá ti kúrò lómi. Òórùn burúkú tí aṣọ ń mú jáde ní àkókò òjò, nígbà tí kò tètè gbẹ, kì í ṣe àbùkù ọṣẹ: ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáánì fi hàn pé bakitéríà kan tí ń jẹ́ Moraxella osloensis ni ó ń fà á, ó sì ń rí ọ̀nà gbé lára aṣọ tí ó ṣì tutù. Aṣọ tí ó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, omi 60°C ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ bí ó bá lè gbà á. Ẹ sá a sí ojú oòrùn lórí okùn, kí àyè wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì. Ẹ má sá a sórí koríko tàbí sórí ilẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ ibòji ní ríringindin, torí pé eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń yé ẹyin sí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹyin náà á sì pa, ìdin rẹ̀ á sì wọ inú awọ ara ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́, yóò sì wú bí eéwo. Áyọ́ọ̀nù ni ó ń pa ẹyin yìí, títí kan èyí tí ó bá wà lára àdìrẹ tí a sá sí ibòji. Orí aṣọ òwú, áyọ́ọ̀nù tí a yí dé àmì tó-tò-tó mẹ́ta máa ń gbóná tó 200°C, èyí tí kò sí omi tí ó lè dé e. Ẹ lọ ẹ̀yìn aṣọ àti ojú rẹ̀, kí ẹ sì pẹ́ díẹ̀ lórí ojú rírán àti ìbàdí ṣòkòtò àwọn ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń pẹ́ gbẹ jù lọ.